Ohun Tí Ó Yẹ Ògiri Funfun

Bí ènìyàn bá wọ ilé tuntun ní Bódìjà tàbí ní Lẹ́kì lóde òní, tàbí tí ó bá yà sí àwọn àdúgbò tí àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ń kọ́lé sí ní Abẹ́òkúta, ìlú ọmọ Olúmọ, kì í pẹ́ kí ó tó ṣàkíyèsí pé àwọ̀ ewé, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ojú ọ̀run tí àwọn baba wa fi ń kun pálọ̀ nígbà tí owó kókó ṣì ń dùn lápò ti ń di ohun ìgbàgbé, àti pé funfun ni àwọn onílé ìsinsìnyí fẹ́: funfun láti òkè àjà dé ilẹ̀, funfun ní pálọ̀, funfun ní yàrá, àní funfun ní ilé ìdáná pàápàá níbi tí epo pupa ti ń ta sókè. N kò bá wọn jà. Funfun ni iyì eyín, àwọn àgbà sì ti sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó bí ẹni tí ń kọ̀wé yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí pẹ́ńtà bá ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì ti gbé àkàbà rẹ̀ lọ, tí onílé wá dúró ní agbedeméjì pálọ̀ tí ó ń wo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìdààmú a dé bá a, nítorí kò mọ ohun tí yóò gbé kọ́ wọn, kò sì ní ọkàn àtifi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni irú onílé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tọ̀. Òmíràn a fi ògiri sílẹ̀ ní òfìfo, a ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá ń ṣe é, títí ilé rẹ̀ yóò fi fi ojú jọ ibi tí a ti ń gún abẹ́rẹ́. Mo mọ ìyá àgbà kan tí ó wá kí ọmọ ọmọ rẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ó jókòó sí etí àga, tí ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ra, tí ó sì rọra béèrè pé, “Ọkọ mi, dókítà náà ńkọ́?” Òmíràn ẹ̀wẹ̀ a lọ sí ọjà, a ra òdòdó oníke, aago gbàràmù tí a fi omi wúrà bò, kàléńdà ẹgbẹ́ mẹ́ta àti àwòrán etíkun kan tí kò sí ẹnì kan nínú ẹbí tí ó dé ibẹ̀ rí, a sì kàn wọ́n mọ́ ògiri títí ògiri kò fi ní rí ibi mí sí mọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Lójú tèmi, ibi kan náà ni àṣìṣe àwọn méjèèjì ti wá. Wọ́n gba ògiri funfun lọ́wọ́ àwọn tí oòrùn wọ́n fún, wọn kò sì béèrè ohun tí àwọn ẹni yẹn fi í ṣe kí wọ́n tó gbé e wá sí ilẹ̀ tí oòrùn ti ń jó àwọ̀ ara ènìyàn. Ohun tí ògiri funfun ń tọrọ lọ́wọ́ wa níhìn-ín ni òkùnkùn díẹ̀: igi dúdú, aró, osùn, àti òjìji ewé. Ẹni tí ó bá fún un ní ìwọ̀nyí ti ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ tán, bí kò tilẹ̀ ra nǹkan mìíràn mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àṣà náà ti gbilẹ̀. Ní ọdún 1925, Le Corbusier, ayàwòrán-ilé ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó fi Paris ṣe ibùjókòó, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ kan pé ì bá dára bí òfin bá lè wà tí yóò mú kí olúkúlùkù ará ìlú ká gbogbo aṣọ àti bébà olódòdó kúrò lára ògiri rẹ̀, kí ó sì fi ọ̀dà funfun tí à ń pè ní Ripolin kùn ún, kí ilé lè mọ́, kí ọkàn onílé pàápàá sì mọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 1927, Syrie Maugham, obìnrin tí ó fi ilé ṣíṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ ṣe ní London, ṣí pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti wò, ohun gbogbo inú rẹ̀ sì funfun tàbí kí ó súnmọ́ funfun, ògiri, àga àti ẹní títẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ọlọ́rọ̀ ìlú náà ti ń fi ara wé e. Ní nǹkan bí àkókò kan náà ni funfun tí a ń yọ láti inú titanium ń di ohun ọjà, èyí tí ó funfun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí kì í sì í tètè pọ́n. Ẹni tí ó bá mọ London ní oṣù December yóò lóye ọ̀rọ̀ náà kíákíá: oòrùn ibẹ̀ ń wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, ìwọ̀nba èyí tí ó sì yọ, kùrukùru ti gba ìdajì rẹ̀. Ní irú ibẹ̀, ògiri funfun a máa gba ìmọ́lẹ̀ kékeré tí ó bá wọlé, a sì máa dá a padà sí ojú onílé, kí ọ̀kan lè di méjì.

Ní Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, kò sí irú àìní bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán àti òru ibẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, ìgbà méjì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán sì ń dúró gẹ́lẹ́ sí àtàrí ọmọ ènìyàn. Bí irú oòrùn bẹ́ẹ̀ bá gba fèrèsé gbàgede wọlé, tí ó sì bá ògiri funfun pàdé, ojú a máa ro ẹni tí ó jókòó níbẹ̀, a máa fún ojú pọ̀ láti ka ìwé, kò sì ní í pẹ́ tí yóò fi ta aṣọ fèrèsé dí pátápátá tí yóò sì tan iná mànàmáná lọ́sàn-án gangan. Òkèèrè ni a ti í wo igi gànràngànràn kí ó má bàa gún ni lójú, ṣùgbọ́n bí a bá ti gbé e wọ inú pálọ̀, níbo ni a ó sá sí?

Àwọn baba ńlá wa kò fi àyè gba irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Agbo ilé tí wọ́n kọ́, òkùnkùn rẹ̀ ni ìtura rẹ̀. Àjà amọ̀ wà lókè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí àgbà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọlé yí agbo náà ká, yàrá kò sì ní ju ojú ihò kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà yọjú. Ògiri jẹ́ ti amọ̀, àwọn obìnrin ilé a sì máa fi bọ́tọ̀ pẹ̀lú omi ewé rẹ́ ẹ títí yóò fi máa dán pẹ̀lú àwọ̀ dúdú tí ó tutù lójú. Wọn kò ṣàìmọ funfun o. Wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín, Ọbàtálá, Òrìṣà Ńlá, aláṣọ àlà, alámọ̀rere tí ń mọ orí tí ń mọ ojú, àti fún ilé tí wọ́n kọ́ fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ òrìṣà funfun.

Ilé òrìṣà náà gan-an ni mo rò pé ó yẹ kí olùfẹ́ ògiri funfun ti lọ kẹ́kọ̀ọ́, bí kò bá tilẹ̀ ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn ibẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, orírun gbogbo wa, àwọn obìnrin kan wà tí à ń pè ní Àkúnlẹ̀òrìṣà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkun ògiri ilé Òrìṣà Ìkirè, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà funfun náà, bí ọdún òrìṣà náà bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Moyo Okediji, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, wà lára àwọn tí ó fara balẹ̀ kọ́ nípa iṣẹ́ wọn tí ó sì kọ̀wé lé e lórí. Ilẹ̀ ìlú wọn ni wọ́n ti ń rí ohun tí wọ́n fi ń kùn ún. Wọn kì í lọ sí ìsọ̀ ọlọ́dà. Àwọn obìnrin yìí á fọ ògiri, wọ́n á tún un rẹ́, wọ́n á fi funfun tẹ́ ojú rẹ̀, wọ́n á sì wá mú pupa àti dúdú, wọ́n á fi wọ́n ya ohun tí wọ́n fẹ́ yà lé orí rẹ̀: ìlà, ẹ̀kán, ẹranko, àti àmì tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó wà nínú awo nìkan ni ó mọ gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀. Òjò ọdún yóò wá rọ̀, yóò wẹ̀ ẹ́ dànù, nígbà tí ọdún bá sì tún yí po, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí funfun lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn obìnrin wọ̀nyí, tí ó jẹ́ pé nítorí òrìṣà funfun ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, kò fi funfun sílẹ̀ ní òun nìkan. Wọ́n mọ̀ pé pupa kì í pupa tó bí ìgbà tí funfun bá yí i ká, àti pé dúdú ni ó ń jẹ́ kí ojú rí i bí funfun ti funfun tó. Àwọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n ń lò, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó dúró níwájú ògiri wọn tí ó sọ pé nǹkan kan ṣẹ́ kù. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ ya àmì òrìṣà sí pálọ̀ rẹ̀ o, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé àlùfáà tàbí lèmọ́mù ni àna rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi wọn àwọ̀ ni mo ń tọ́ka sí: funfun púpọ̀, dúdú níwọ̀nba, pupa bín-ín-tín.

Àwọn ọmọ wa tí òwò ẹrú kó lọ sí òkè òkun kò gbàgbé funfun yìí. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ilé òrìṣà tí ó jẹ́ àgbà láàárín àwọn ilé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti ibẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ní ahọ́n wa jẹ́ Ilé Àṣẹ Ìyá Nàsó, ni gbogbo ìlú mọ̀ sí Casa Branca, Ilé Funfun. Ọdún 1984 ni ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń mójú tó ohun àjogúnbá ilẹ̀ náà pinnu pé kí òfin máa dáàbò bò ó. Ní ìlú yẹn títí di òní, aṣọ funfun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì fún ọlá Òrìṣà Ńlá, títí kan àwọn tí kò mọ ibi tí àṣà náà ti ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ ohun tí a ó gbé kọ́ ògiri, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ògiri fúnra rẹ̀, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Funfun kì í bo àṣírí bírìkìlà. Ibi tí kò ti rẹ́ ògiri dọ́gba, ibi tí símẹ́ńtì ti sán, ibi tí omi ti ń fà láti ìpìlẹ̀ wá tí ó ń sun iyọ̀ síta tí ibẹ̀ sì ń bu, gbogbo rẹ̀ ni oòrùn àárọ̀ tí ó bá rìn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá yóò tú fáyé rí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ríbi wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kun ògiri rẹ̀ ní funfun, kí ó kọ́kọ́ pa ẹnu ògiri náà dé, kí ó wá ojútùú sí omi tí ń fà, kí ó sì fi sáńpépà ha á kí ó jọ̀lọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ọ̀dà rẹ̀ yóò wọgbó.

Ní ti ohun tí a ó fi kùn ún, àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń rántí láìmù tí àwọn wolé-wolé fi ń halẹ̀ mọ́ onílé. Òkúta ẹfun ni, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti ọdún 1960 fún símẹ́ńtì; a sun ún nínú iná tí ó gbóná janjan, a da omi lé e, ó hó, ó sì di ohun tí ó ki tí a lè fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Bí ó bá ti wà lára ògiri tán, a máa fa afẹ́fẹ́ carbon dioxide mọ́ra díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi padà di òkúta gẹ́gẹ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Kì í di ihò ìmí ògiri amọ̀, bíbu kì í sì í tètè mú un, nítorí agbára tí ó wà nínú rẹ̀ kò jẹ́ kí olú bíbu rí ibi fìdí múlẹ̀. Ẹni tí ó bá jogún ilé amọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ìgbẹ̀in tàbí ní Ọjàaba, láìmù yìí ni kí ó wá. Ọ̀dà ìgbàlódé tí ó dà bí awọ yóò sé omi mọ́ inú ògiri náà ni, yóò sì máa ṣí lára rẹ̀ ní ìpẹ́ ìpẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà nípa ọ̀dà àtijọ́. Funfun tí ó wà lóde kí ti titanium tó dé, òjé ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀, òjé sì jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé. Láti ọdún 1921 ni àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ ti ṣe àdéhùn kan ní Geneva láti fòpin sí lílò rẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n àdéhùn kì í fò wọ inú agolo fúnra rẹ̀, ọ̀dà olóròóró tí ó ní òjé nínú sì pẹ́ lórí àtẹ jìnnà ju ìyẹn lọ. Nítorí náà, bí ọ̀dà ilé baba ẹni bá ń ṣí, kí a má ṣe ha á ní gbígbẹ tí eruku rẹ̀ yóò máa bọ́ sí orí igbá oúnjẹ. Kí a fi omi rin ín, kí a kó àwọn ọmọ kúrò nílé, kí a sì gbá ohun tí ó bá bọ́ sílẹ̀ dànù pátápátá.

Funfun pọ̀ lórí àtẹ, wọn kò sì jọra. Òmíràn ní àwọ̀ ojú ọ̀run nínú, òmíràn ní àwọ̀ wàrà, òmíràn sì fẹ́ fi ara jọ eérú. Ohun tí ó wà lóde fèrèsé ni yóò sọ èyí tí ó yẹ. Àgbàlá ilẹ̀ pupa a máa ju ìpọ́n rẹ̀ sí ògiri. Igi máńgòrò a máa sọ funfun di àwọ̀ ewé láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Páànù òrùlé aládùúgbò tí ó ti dípẹtà ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ń ṣe. Kí a kun pátákó kan, kí a gbé e ti ògiri, kí a wò ó ní òwúrọ̀, kí a wò ó ní ọ̀sán, kí a tún wò ó nígbà tí iná bá tàn lálẹ́, kí a tó ra agolo ńlá. Èyí tí mo fẹ́ràn ní tèmi ni èyí tí ó ní wàrà díẹ̀ nínú tí kò sì dán; ọ̀dà dídán ní ilẹ̀ olóòrùn, dígí ni ènìyàn fi bo ògiri rẹ̀.

Ibi tí ògiri funfun ti ń ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ onílé ni ìdí rẹ̀. Àwọn àgbà ní aláṣọ àlà kì í bá elépo jókòó, ilẹ̀ wa sì ni elépo tí à ń wí yìí. Òjò a ta ilẹ̀ pupa sí ìta ògiri títí dé orókún. Ọyẹ́ a gbé eruku aṣálẹ̀ wá, a sì rọra tò ó sí orí ohun gbogbo. Àtẹ́lẹwọ́ àwọn ọmọdé, ìgbálẹ̀, àga tí a ń fà síwá sẹ́yìn àti omi ìnulẹ̀ a sì parí iṣẹ́ náà nínú ilé. Àwọn tí ó kọ́lé ṣáájú wa ní ojútùú tí ó rọrùn: wọn a fi ọ̀dà dúdú tàbí ti pupa rúsúrúsú lé ìdí ògiri, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí 3 sókè, kí wọ́n tó jẹ́ kí funfun bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń fi èyí rẹ́rìn-ín pé ti ará oko ni. N kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ó ń bo ìdọ̀tí, òkùnkùn tí ó wà nísàlẹ̀ yẹn ni ó ń fún ilé ní ìdúró, ẹni tí ó bá sì ti rí ilé àtijọ́ kan tí ìdí rẹ̀ dúdú kirikiri tí òkè rẹ̀ funfun nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò gbà pé ẹni tí ó kùn ún mọ iṣẹ́. Nínú ilé, ọ̀dà olóròóró tí a lè fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ fọ̀ ni kí a fi ṣe é, kí a sì mú un ní àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ilẹ̀.

Fèrèsé ló kàn. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew wá yàwòrán àwọn ilé Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, wọ́n lo funfun púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí oòrùn bá a lójúkojú. Wọ́n fi ògiri oníhò bo ojú ilé, pàápàá ní ilé ìkàwé ibẹ̀, wọ́n na ọ̀dẹ̀dẹ̀ síta, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba inú ilé kọjá láti ìhà kan dé ìhà kejì. Òjìji ihò wọ̀nyẹn ni ó sì di ọ̀ṣọ́ ara ògiri, tí ó ń rìn bí oòrùn bá ti ń rìn. Òyìnbó ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n bojú wo ojú ọ̀run kí wọ́n tó mú gègé. Onílé tí kò lágbára àtitún fèrèsé kọ́ lè gbin igi ọ̀pẹ kékeré tàbí kí ó jẹ́ kí ìtàkùn kan gun iwájú fèrèsé rẹ̀, kí ó sì ta aṣọ fèrèsé onílíńlì tí ó jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dípò èyí tí ó nípọn. Òjìji ewé lára ògiri funfun ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ jẹ́ àwòrán tí a kò san kọ́bọ̀ lé lórí.

Wàyí o, kí ni a ó gbé kọ́ ọ? Bí a bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, adìrẹ ẹlẹ́kọ ni n ó mú. Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn àti ní Òṣogbo, ìlú aró, a máa fi láfún se ẹ̀kọ, a bu álọ́ọ̀mù sí i, a fi ìyẹ́ adìyẹ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ funfun ní ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín láìyàwòrán kankan tẹ́lẹ̀, a sì rì í bọ inú ìkòkò aró, a sá a, a tún rì í bọ̀ ọ́, títí yóò fi dúdú tó bí wọ́n ti fẹ́; ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní í mu ún. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin wá ń gé páànù ní ojú ọnà, wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ lé e. Nínú gbogbo ojú ọnà adìrẹ, Ìbàdàndùn ni ààyò mi: àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó, tí a ṣí ní ọdún 1929, wà lára rẹ̀, tí ọnà ṣíbí fi àlàfo àárín wọn ṣe ilé. Na irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sórí férémù igi, gbé e kọ́ ògiri funfun tí ó gbòòrò jù nínú ilé, kí o má sì fi ohunkóhun tì í. Aró tí ó jinlẹ̀ ń pe ojú wá láti ẹnu ọ̀nà, funfun tí ó wà nínú aṣọ sì ń dá funfun ara ògiri lóhùn. Ohun kan ṣá ni pé kí a má ṣe gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ń bà, nítorí oòrùn a máa jẹ aró bí ọdún bá ti ń gorí ọdún.

Aṣọ òfì Ìsẹ́yìn náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Sányán, tí iyì rẹ̀ kò kéré lára àgbàlagbà ní ọjọ́ ìnáwó, ń pòórá lára ògiri funfun, nítorí àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ti ògiri. Ẹtù ni kí a mú, tàbí àlàárì bí a bá fẹ́ pupa kan ṣoṣo nínú ilé, kí a sì mú ọ̀já kan tàbí méjì rẹ̀ tí ó gùn, kí ó ṣubú láti òkè wá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn.

Igi gbígbẹ́ ni ó kàn. Iṣẹ́ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa wà ní ibi tí ó jìnnà: ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀, ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́ fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914 ni wọ́n gbé lọ sí ibi ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní ọdún 1924, àwọn ará ibi ìkóhun-ìṣẹ̀m̀báyésí London sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílùú wọn pààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọba, ibẹ̀ ni ó wà títí di ìsinsìnyí, lára ògiri àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọyẹ́-Èkìtì, ó sì fi ayé rẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti òpó fún ìjọ, fún ààfin àti fún ilé ẹ̀kọ́ títí ó fi dolóògbé ní ọdún 2009. Àwọn tí ń gbẹ́ irú rẹ̀ ṣì wà láàyè. Pátákó kan tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2, tí a kò fi ọ̀dà dídán kùn, tí òjìji rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lára ògiri funfun, ń ṣe iṣẹ́ tí ogún àwòrán onípépà kò lè ṣe. Kí a ra á lọ́wọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Bí ẹnìkan bá yọ́ gbé ère tí ó ti gbó wá ní òru, tí ó ní láti ilé òrìṣà kan ni, kí a lé e lọ. Olè ni, ohun tí ó gbé sì ní ẹni tí ń wá a.

Igbá fínfín Ọ̀yọ́, tìmùtìmù aláwọ tí wọ́n fi pupa àti dúdú dárà sí, ẹní tí a hun ní ìlà ìlà, kò sí èyí tí kò yẹ ògiri funfun tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n ṣáà má pọ̀. Ohun ńlá kan lára ògiri kan tó.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò àwọn òbí ni ó le díẹ̀. Àwọn tí ó mọ ohun tí ojú fẹ́ ní kí àárín àwòrán wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ilẹ̀, níbi tí ojú ẹni tí ó dúró yóò ti bá a pàdé, mo sì gbà pẹ̀lú wọn lórí aṣọ àti lórí igi. Ṣùgbọ́n àwa ti mọ fọ́tò Bàbá àti Ìyá sí òkè pátápátá, lábẹ́ àjà, tí férémù rẹ̀ da orí kodò díẹ̀ kí wọ́n lè máa wo ohun tí ń lọ nínú pálọ̀. Ọ̀dọ́mọdé kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé rẹ̀ ní funfun sọ fọ́tò baba rẹ̀ kalẹ̀ sí ìbú àga, àwọn àbúrò baba rẹ̀ wá kí i, wọ́n wò ó, wọ́n sì béèrè bóyá Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ó dá a padà sókè kí wọ́n tó mu omi tán. N kò dá a lẹ́bi. Ògiri kan wà nínú ilé tí kì í ṣe ti ẹni tí ó kùn ún nìkan. Kí a fi ògiri yẹn sílẹ̀ fún àwọn òbí, kí a kó gbogbo fọ́tò ẹbí jọ síbẹ̀ nínú férémù igi dúdú tí ó jẹ́ irú kan náà, kí a gbé wọn sí ibi tí àwọn àgbà fẹ́, kí a sì jẹ́ kí ògiri mẹ́ta yòókù sinmi.

Ní alẹ́, gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ni kí a lò. Èyí tí ó funfun bí mànàmáná yóò sọ ògiri di aláwọ̀ òkú, yóò sì sọ ojú àlejò náà di bẹ́ẹ̀. Iná kékeré méjì tí ó wà nísàlẹ̀, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ọ̀kan lábẹ́ pátákó gbígbẹ́, sàn ju ẹyọ ńlá kan tí ó so ní àárín àjà lọ, nítorí ògiri yóò ní ibi tí ó mọ́lẹ̀ àti ibi tí ó ṣú.

Bí pẹ́ńtà bá sì fẹ́ gbé ìyókù ọ̀dà lọ, kí onílé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó dé e pinpin, kí ó kọ orúkọ àwọ̀ náà àti nọ́ńbà rẹ̀ sí ara agolo, kí ó sì gbé e sí abẹ́ àkàsọ̀ níbi tí oòrùn kò ti lè bà á. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ọwọ́ ọmọ kan yóò ti kan ògiri náà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra irú funfun kan náà ní ọjà láìní nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ yóò rí bí funfun ti pọ̀ tó láyé.